Orúkọ Kan Ṣoṣo Ni Owó Ìjọba Mọ̀

Àwọn tó ń gba Fìdítì kọjá láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ ìlú náà mọ ọsàn. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń rí i, nínú agbọ̀n, nínú àpò, ní òkìtì òkìtì. Ohun tí èrò ọkọ̀ kì í rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú owó ọsàn yẹn ti ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é kí wọ́n tó ká a. Ọmọ kan wà ní Ọ̀yọ́, òmíràn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbaniwọlé sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ọsàn ní àsìkò tirẹ̀, owó iléèwé ní àsìkò tirẹ̀, àwọn méjèèjì kì í sì í sábà pàdé lójú ọ̀nà.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni ọ̀nà kan ti ṣí fún irú ilé bẹ́ẹ̀: ètò ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, tí àjọ tí wọ́n ń pè ní NELFUND ń bójú tó. Àwọn tó ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ pọ̀, àwọn tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Kí n sì ti sọ èrò tèmi sílẹ̀ ṣíwájú: nínú ohun tó ń dá fọ́ọ̀mù owó yìí dúró, èyí tó wọ́pọ̀ jù tó sì rọrùn jù láti dènà ni orúkọ. Orúkọ ọmọ nínú ìwé kan kò bá ti inú ìwé kejì mu, kọ̀ǹpútà sì kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí orúkọ ju lórí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ibo ni owó náà ti wá, ta ni ó sì wà fún?

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìjọba Nàìjíríà máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Nígbà ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ní ọdún 1972, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Nigerian Students Loans Board. Àwọn ọmọ yá owó, wọ́n kàwé, wọ́n gboyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì dá owó padà. Ní ọdún 1993 wọ́n yí i padà sí báǹkì ẹ̀kọ́, èyí náà kò sì lọ jìnnà. Ìrántí ìkùnà yẹn ló jẹ́ kí òfin tí Ààrẹ Bola Tinubu kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 kún fún ìfura. Òfin náà ní kí owó tó ń wọlé fún ìdílé ọmọ má ju 500,000 náírà lọ́dún. Ó tún ní kí ó mú onídùúró méjì wá, kí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12, tàbí lọ́yà tó ti lo ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ẹni tó wà ní ipò bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹjọ́. Ẹ wá ro àgbẹ̀ ọlọ́sàn tí kò gba owó oṣù rí láyé rẹ̀. Ìwé wo ni yóò fi hàn pé owó òun kò ju iye báyìí lọ? Ọ̀gá ìpele 12 wo ni yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ọmọ tí kò mọ̀ rí?

Wọ́n rí i pé kò ní ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n wọ́gi lé òfin yẹn, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nínú ti tuntun yìí, wọn kò béèrè iye tó ń wọlé fún bàbá tàbí ìyá mọ́, wọn kò sì béèrè onídùúró. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ fún yín lọ́jà pé ẹ ní láti wá lọ́yà kí ọmọ yín tó lè yá owó yìí, òfin tó ti kú ló ń kà sí yín létí. Owó orí tí ìjọba ń gbà wà lára ibi tí àpò náà ti ń kún. Àjọ EFCC náà ti da bílíọ̀nù 50 náírà sínú rẹ̀ látinú owó tí wọ́n gbà padà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rántí èyí, pé owó olè ń rán ọmọ tálákà níwèé.

Iléèwé ìjọba nìkan ni ètò náà wà fún, ì báà ṣe ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀: yunifásítì, poli, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́, àti àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọmọ Fìdítì tàbí Ìlọrà kò ní rìn jìnnà kó tó rí èyí tó wọ inú rẹ̀. Federal School of Surveying wà ní Ọ̀yọ́, iléèwé tó ti ń kọ́ àwọn awọnlẹ̀ láti ọdún 1908. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe wà níbẹ̀, Emmanuel Alayande tó ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Ìbàdàn àti The Polytechnic sì wà ní Ìbàdàn. Ajayi Crowther University wà ní Ọ̀yọ́ bákan náà, àmọ́ iléèwé aládàáni ni, owó yìí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó dára kí ìdílé mọ èyí kí ọmọ tó yan iléèwé nínú fọ́ọ̀mù JAMB, torí pé lẹ́yìn ìgbà tó bá ti wọlé tán, ó ti pẹ́ jù láti máa ṣírò.

Ọ̀nà méjì ni owó náà pín sí, ọmọ sì lè béèrè fún ọ̀kan tàbí fún méjèèjì. Èkíní ni owó tí iléèwé ń gbà. Ìlànà ìjọba ni pé kò sí owó ìkọ́ni fún oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òbí tó ti sanwó rí mọ̀ pé owó ń bẹ lábẹ́ orúkọ mìíràn: owó ìdánwò, owó kọ̀ǹpútà, owó ìlera, owó ilé ìkàwé. Iléèwé fúnra rẹ̀ ló ń fi àkójọ iye tó ń gbà ránṣẹ́ sí NELFUND, NELFUND á sì san án sínú àkáùǹtì iléèwé. Owó yìí kò gba ọwọ́ ọmọ kọjá rárá. Èkejì ni owó ìtọ́jú ara, 20,000 náírà lóṣù, èyí tó ń wọ àkáùǹtì ọmọ fúnra rẹ̀. Kò pọ̀. Ẹni tó bá ń ra gààrì ní Ọ̀yọ́ lásìkò yìí mọ̀ pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó lọ sí kíláàsì láàárọ̀ àti ọmọ tó lọ ru bíríkì kó lè jẹun alẹ́.

Owó kan wà tó máa ń ṣíwájú gbogbo èyí: owó tí iléèwé ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tuntun kó tó lè gba ààyè tí wọ́n fún un. Ẹ má fi ọkàn sí NELFUND fún ìyẹn. Ọmọ ní láti di akẹ́kọ̀ọ́ kí iléèwé tó lè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ owó yẹn ni wọ́n fi ń di akẹ́kọ̀ọ́. Owó ọsàn, owó àjọ tàbí ọwọ́ ẹbí ló máa gbé e.

Ó wá kan orúkọ.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà NELFUND máa ń fi wo ọmọ: nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní NIN, nọ́ńbà báǹkì tí wọ́n ń pè ní BVN, nọ́ńbà JAMB, àti nọ́ńbà mátíríìkì tàbí ti ìgbaniwọlé tí iléèwé fún un. NIN àti BVN jẹ́ dígíìtì 11 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kan fi máa ń fi ọ̀kan sí ààyè èkejì. Lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni orúkọ àti ọjọ́ ìbí wà. Bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń sọ ohun kan náà, iṣẹ́ parí. Bí ọ̀kan bá yapa, fọ́ọ̀mù á dúró síbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá sì nìyí, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣeé kà tán lórí ìka. Bàbá sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá bàbá sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ náà kò dákẹ́. Ká ní wọ́n pe ọmọ kan ní Olúwaṣeun níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ṣeun ni tíṣà kọ sínú ìwé torí pé ààyè kò tó. Ìyá àgbà ló mú un lọ ṣe NIN, Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, Àbẹ̀kẹ́ ló sì sọ fún wọn. Báǹkì ní kó kọ orúkọ bàbá, ó kọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ẹbí ni wọ́n ń béèrè. Lójú wa, ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ni. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kò sí nínú ìwé wọn, nítorí náà ẹnì kan á kọ Seun, òmíràn á kọ Sheun. Àwọn Mùsùlùmí wa náà kò bọ́: Rasheedat, Rashidat àti Rashidah lè jẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń ti Jobele wá.

Ọjọ́ ìbí tún ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn kan dín ọdún ọmọ kù nítorí bọ́ọ̀lù, àwọn mìíràn fi kún un kó lè pé 16 tí iléèwé gíga ń béèrè. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ó dà bí ọgbọ́n. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, NIN á sọ 2006, ìwé iléèwé á sọ 2008.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni NIN, nítorí pé láti ọdún 2021 ni JAMB ti ń fi NIN ṣe ìforúkọsílẹ̀. Orúkọ tó bá wà nínú NIN lọ́jọ́ tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí JAMB ni JAMB máa gbé, JAMB ni yóò gbé e fún iléèwé, iléèwé ni yóò gbé e fún NELFUND. Àṣìṣe lẹ́tà kan ní orísun á ṣàn dé òpin. Ìgbà tó dára jù láti tún un ṣe ni kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò UTME, ìyẹn nígbà tó ṣì wà ní SS2. Bí ẹ bá tún NIN ṣe lẹ́yìn tí JAMB ti gbé orúkọ, ti JAMB kò ní yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ óò tún lọ san owó, ẹ óò tún lọ ṣe àtúnṣe tibẹ̀ lọ́tọ̀.

Láti mọ ohun tó wà níbẹ̀, ọmọ lè tẹ *346# lórí fóònù tó fi ṣe NIN kó lè rí nọ́ńbà rẹ̀, ó sì lè tẹ *565*0# fún BVN. Nọ́ńbà nìkan ló máa rí. Kó tó lè rí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀, kó tẹ ìwé NIN jáde, kó sì béèrè lọ́wọ́ báǹkì ohun tó wà nínú BVN. Kó wá kó gbogbo ìwé jọ sórí tábìlì kan, kó máa fi lẹ́tà wo lẹ́tà: ìwé WAEC, ìwé NIN, ìwé JAMB, ìwé ọjọ́ ìbí. Èyí tó yapa ni wọn yóò tún ṣe, kí wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé ìwé WAEC, torí pé ti WAEC ló ṣòro láti yí padà jù. Àtúnṣe NIN wà lọ́wọ́ àjọ NIMC, ó sì ṣeé ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ti ọjọ́ ìbí wọ́n ju ti orúkọ lọ fíìfíì, wọ́n á sì béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn. Báǹkì ni wọ́n ti ń tún BVN ṣe, ẹ̀ka tí wọ́n ti ṣí àkáùǹtì náà ló yá jù. Bí orúkọ bá yí padà pátápátá, kì í ṣe lẹ́tà kan tàbí méjì, wọ́n lè béèrè ìwé ìbúra láti kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Gbogbo èyí ń jẹ owó, ó sì ń jẹ àkókò ju owó lọ. Òbí tó bá ṣe é nígbà tí ọmọ wà ní SS2 á ṣe é pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí iléèwé ń lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì sanwó á ṣe é pẹ̀lú omijé.

Lẹ́yìn èyí, fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ kò le. Ọ̀fẹ́ ni. Ìkànnì NELFUND ni wọ́n ti ń kọ ọ́, nelf.gov.ng, ọmọ sì lè ṣe é lórí fóònù. Á kọ́kọ́ yan iléèwé rẹ̀, á fi nọ́ńbà mátíríìkì àti ti JAMB síbẹ̀, ìkànnì á wá a nínú àkójọ tí iléèwé fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí i, kì í ṣe NELFUND ló máa bá wí. Iléèwé ni kò tíì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, tàbí ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àṣìṣe. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà iléèwé, ni kó lọ. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń kọ lẹ́tà sí Àbújá lórí ohun tí akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì tó wà lẹ́yìn kíláàsì wọn lè tún ṣe kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán.

Bí ìkànnì bá dá a mọ̀, á fi NIN àti BVN síbẹ̀, á fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí ojú ewé, á kọ àdírẹ́sì, á fi ìwé ìgbaniwọlé sórí rẹ̀, á sì kọ nọ́ńbà àkáùǹtì. Àkáùǹtì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀, tí BVN rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Àkáùǹtì ìyá kò wúlò níbí, bó ti wù kí ọmọ fọkàn tán ìyá rẹ̀ tó. Àkáùǹtì ní báǹkì tó ní ẹ̀ka tí èèyàn lè rìn lọ ni mo máa ń dámọ̀ràn, kí ó sì rí i pé wọn kò fi í sí ìpele ìsàlẹ̀ tí owó púpọ̀ kò lè wọ̀. Lẹ́yìn náà ni á yan ohun tó fẹ́: owó iléèwé nìkan, tàbí ó fẹ́ owó ìtọ́jú pẹ̀lú. Á ka àdéhùn, á tẹ ẹ́ ránṣẹ́. Ìwé irọ́ níbẹ̀ lè sọ èèyàn di ẹlẹ́wọ̀n lábẹ́ òfin náà, kí ọmọ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń béèrè. Ẹni tó gbà á ní ọdún kìíní kò ní rí ti ọdún kejì bí kò bá kọ fọ́ọ̀mù tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan lórí kafé. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń lọ bá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà láti bá wọn kọ ọ́, kò sì burú kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún un. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí ojú ewé, kí ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì máa béèrè nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹni tó bá ní òun mọ ẹnìkan ní Àbújá tó máa bá wọn sún fọ́ọ̀mù síwájú, kí wọ́n ki í, kí wọ́n sì máa lọ.

Owó dé iléèwé tán, wàhálà mìíràn lè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń sáré yá owó níbòmíràn láti san owó iléèwé kí ti NELFUND tó dé. Nígbà tó bá wá dé, iléèwé ti gba owó lẹ́ẹ̀mejì lórí ọmọ kan, ó sì yẹ kó dá ọ̀kan padà. Ní ọdún 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ kígbe síta pé àwọn iléèwé kan gba owó láìsọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, kí ọmọ máa wo ojú ewé rẹ̀ lórí ìkànnì, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ti sanwó fún un. Kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó mú un pẹ̀lú rìsíìtì tí òbí fi sanwó, kó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì olùtọ́jú owó iléèwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń gbàgbé níbẹ̀. Ìwé kì í gbàgbé. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí òbí béèrè lọ́wọ́ iléèwé bóyá ọmọ tó ti kọ fọ́ọ̀mù lè ṣe ìforúkọsílẹ̀ kí owó tó dé, torí pé gbèsè tí wọn kò jẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni dá a padà.

Yàtọ̀ sí ẹ̀yáwó, owó ọ̀fẹ́ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdíje pọ̀ níbẹ̀. Orúkọ TETFund tí ẹ máa ń rí lára ilé gbogbo nínú ọgbà yunifásítì kò kan ọmọ yín. Iléèwé àti àwọn olùkọ́ ni ìyẹn wà fún. MTN Foundation ní sikọ́láṣíìpù fún àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní iléèwé ìjọba, wọ́n máa ń béèrè máàkì 3.5 ó kéré tán, wọ́n sì ní ti àwọn afọ́jú lọ́tọ̀ láìka ohun tí wọ́n ń kọ́ sí. Èyí yẹ kí àwọn ará wa gbọ́, nítorí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe wà ní ẹ̀gbẹ́ wa ní Ọ̀yọ́. NNPC àti àwọn ilé iṣẹ́ epo tó ń bá a ṣiṣẹ́ náà máa ń ṣe tiwọn, àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì ni wọ́n sábà máa ń wò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìgbìmọ̀ sikọ́láṣíìpù tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè ni ìwé tó fi hàn pé ọmọ ìpínlẹ̀ ni, Jobele tí í ṣe olú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ni ẹ óò ti gbà á. Ẹ gbà á kí wọ́n tó kéde, torí pé ọjọ́ tí wọ́n ń fún èèyàn lẹ́yìn ìkéde kì í pọ̀. Ọmọ tó bá rí sikọ́láṣíìpù kò ní láti dá a padà, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó wá a kó tó yá owó.

Àwọn kan á ní àwọn ní ẹ̀gbọ́n ní Houston tàbí Maryland, wọ́n á sì béèrè bóyá ọmọ lè gba owó ìjọba Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù tibẹ̀ ń jẹ́ FAFSA, ọ̀fẹ́ ni, òun ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn Pell Grant, owó tí wọn kì í dá padà, tó tó 7,395 dọ́là ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026 fún ẹni tí àìní rẹ̀ pọ̀ jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tí wọ́n bí síbẹ̀, tàbí tó ní ìwé ìgbélùú, lè gbà á. Ọmọ tó bá lọ láti Fìdítì pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbà á. Owó tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń fún àwọn àjèjì látinú àpò ara rẹ̀ ni kó máa wá.

Ó ku dídá owó padà, ibẹ̀ ló sì ń ba àwọn àgbà lẹ́rù jù. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà kò lè fẹ́ràn gbèsè. Ìwọ̀fà á ro oko olówó rẹ̀ lọ́dọọdún, iṣẹ́ rẹ̀ á dúró fún èlé, bí ogún ọdún bá sì kọjá, owó tó yá ṣì wà ní odindi. Ti NELFUND kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní èlé rárá, èyí tó ti mú kí ọkàn ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí balẹ̀, gbogbo náírà tí ọmọ bá san ló sì ń dín gbèsè kù.

Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni sísan máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń gba owó oṣù, ọ̀gá rẹ̀ ló máa yọ ìdá mẹ́wàá kúrò kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, ìdá mẹ́wàá èrè oṣù ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní iléèwé ń gba 100,000 náírà lọ́dún, ọmọ sì gba 20,000 fún oṣù 10 lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún mẹ́rin, gbèsè rẹ̀ jẹ́ 1,200,000 náírà. Bó bá rí iṣẹ́ tó ń san 80,000, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti ọdún 2025, 8,000 ni wọ́n á máa yọ, ó sì máa lo oṣù 150, ìyẹn ọdún 12 àbọ̀. Bó bá ń gba 200,000, ọdún márùn-ún ló máa fi parí. Bí ọjà sì ṣe ń gbówó lórí, 1,200,000 ọjọ́ iwájú kò ní ra ohun tí tòní ń rà. Ẹni tó yá owó ni ìyẹn ṣe lóore.

Ohun kan kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ yunifásítì láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 kò ní san kọ́bọ̀ àfi bí owó tó ń gbà bá ju 25,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì ń yọ, lára èyí tó lé nìkan. Gbèsè wọn ní èlé ní tòótọ́, wọ́n sì lè máa san án fún 40 ọdún. Tiwa kò ní èlé, ṣùgbọ́n láti orí náírà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń yọ. Ọmọ tó ń gba 80,000, tó ń sanwó ilé, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, máa mọ̀ ọ́n lára tí 8,000 bá lọ. Nítorí ìyẹn ni mo fi máa ń sọ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ lè bọ́ ọ pé kó béèrè owó iléèwé nìkan. Nínú ìṣirò tí mo ṣe lókè yìí, 800,000 ló jẹ́ owó ìtọ́jú nínú 1,200,000.

Bí ọdún méjì bá pé tí kò tíì ríṣẹ́, wọn kò ní gbé e. Ó lè béèrè pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, kó fi ìwé ìbúra ti kóòtù hàn pé òun kò níṣẹ́, owó kankan kò sì wọlé fún òun. Kó má ṣe dákẹ́ ni pàtàkì ibẹ̀, torí BVN àti NIN rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Òfin tún fún NELFUND láṣẹ láti pa gbèsè rẹ́ bí ẹni tó yá a bá kú, tàbí bí àjálù bá bá a débi tí kò lè san án mọ́. Nítorí pé kò sí onídùúró, kò sí ẹni tó máa wá kan ilẹ̀kùn bàbá tàbí ìyá ní Fìdítì láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.